Ìwàásù orí fóònù: bí ẹni tó gbọ́ ọ ṣe lè dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjọ Kátólíìkì wa tí ẹ ń fi fóònù wàásù, mo kí yín. Mo ń gbọ́ yín. Ohùn yín dùn, àwòrán Máríà Mímọ́ tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn sì ń dán. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n kọ́ òun níṣẹ́ yìí: ẹni tó gbọ́ ọ lálẹ́ àná, tí ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ ọ́ lára, ta ni yóò bá a jókòó? Bí o kò bá tíì mọ onítọ̀hún, má tíì tan ẹ̀rọ.

Kátékísìtì ni mí nílùú Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń kọ́ àwọn àgbà tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì lójú mi.

Ọ̀gá tí mo ń wò kọ́ṣẹ́ ni Fulton Sheen, bíṣọ́ọ̀bù ará Amẹ́ríkà. Ọdún 1930 ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nígbà tó di 1952, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń bá ètò náà lọ títí di 1957. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún un, wákàtí kan náà tí Milton Berle, aláwàdà tí tilé-toko ń wò, ń ṣeré ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Pátákó ìkọ̀wé kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn wò ó débi pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Emmy ní 1953. Júù àti onígbàgbọ́ ìjọ mìíràn náà ń tan tẹlifíṣọ̀n sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí n ó kọ́ ọ lára rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ rárá. Láti ọdún 1919 tí wọ́n ti fi í jẹ àlùfáà, títí di oṣù Kejìlá 1979 tó kú, ojoojúmọ́ ló ń lo wákàtí kan níwájú Sákrámẹ́ńtì Mímọ́, ìyẹn Ara Olúwa. Inú ilé àdúrà tó wà nínú ilé rẹ̀ náà ló kú sí. Ìwọ tó ń ta ọjà ní Bódìjà lè máà ní wákàtí kan. Lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí o tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ. Àdúrà tí a bá gbà lẹ́yìn tí a ti gba ohùn sílẹ̀ tán, àdúrà kí Ọlọ́run bá wa bo àṣírí ni.

Lẹ́yìn èyí, lọ rí Fádà pàríìṣì rẹ. Òfin Ìjọ, ẹsẹ 772, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà tí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù bá gbé kalẹ̀. Ìwàásù inú Mísà, ti àlùfáà àti díákónì ni, kì í ṣe tèmi tìẹ. Àṣàrò ni èmi ń pe tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìyẹn fojú kéré ọmọ ìjọ lásán o: kí àlùfáà tó wá tẹ̀dó sí Èkó ní 1868, Pa Antonio, tó ti oko ẹrú bọ̀, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ, tó ń kọ́ wọn ní àdúrà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Ibi tí púpọ̀ nínú yín ti ń pàdánù olùgbọ́ ni ìlà àkọ́kọ́. Ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí Sákrámẹ́ńtì Ìlàjà gẹ́gẹ́ bí Ìjọ Mímọ́ ti fi lélẹ̀." Ẹni tó wà nínú mícrà ní Mọ́kọ́lá ti fọwọ́ kàn án, ó ti kọjá. Gbìyànjú èyí: "Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ta ni yóò kọ́kọ́ pe ẹnìkejì?" Mùsùlùmí yóò dúró gbọ́ ìyẹn, ọmọ ìjọ Kérúbù yóò dúró, ẹni tí kò lọ síbì kankan pàápàá yóò dúró, torí pé kò sẹ́ni tí kò ní ẹ̀gbọ́n. Tí o bá ti bá a rìn dé àárín, o lè wá sọ ti Jésù tó kọ́kọ́ wá wa wá, àti ti àlùfáà tó ń dúró dè wá níbi ìjẹ́wọ́. Bí Sheen ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun tó ń jẹ àwọn èèyàn lọ́kàn ló fi ń ṣí ilẹ̀kùn.

Nǹkan bí 30 wákàtí ló fi ń múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlàjì wákàtí lọ. Kó tó dé iwájú kámẹ́rà, yóò ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ kan ní èdè Ítálì, yóò tún sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní Faransé. Ohun tí o lè gbé láti èdè kan sí òmíràn láìka ìwé, ó ti yé ọ. Èmi máa ń sọ tèmi fún ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, n ó tún sọ ọ́ fún ọmọ aládùúgbò tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ yẹn bá ti bi mí pé "Kí ni ìyẹn, Bàbá?", ibẹ̀ ni mo máa ń gé.

Bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ kò le. Jí kí àwọn jẹnẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Wọ yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ kí o sì kọjú sí i. Aṣọ máa ń gbé ìró mì, ohùn rẹ kò ní máa dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí ìpè má bàa já lù ọ́. Mú un jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí má bàa máa fẹ́ sí i. Má pariwo. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, etí rẹ̀ gan-an lo wà. Má fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń da àwọn àgbà láàmú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Fídíò ń jẹ dátà, ohùn lásán kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Tí o bá sì sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó jẹ́ mẹ́ta.

Àwọn nǹkan kan wà tí ń kò gbà láyè. Má bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Nínú ilé Yorùbá, ọmọ ìyá kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, èkejì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá wọn sì lè ṣì ní ojúbọ lẹ́yìnkùlé. Èébú kan ṣoṣo lo fi lé gbogbo wọn lọ. Má ṣèlérí físà, má ṣèlérí ọkọ. Má fi nọ́ńbà àkáǹtì sábẹ́ ìwàásù láé, pàápàá lásìkò yìí tí àwọn gbájúẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣe ayédèrú ohùn àlùfáà láti tọrọ owó. Jẹ́ kó di mímọ̀ pé ẹ̀yin kì í tọrọ.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an ló kù. Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi lóru pé: "Ẹ kú alẹ́ sà. Orí fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo ti ń gbọ́ yín. Mùsùlùmí ni mí. Ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín lè wọlé kó kàn jókòó?" Ọ̀pọ̀ nínú yín ì bá fi líǹkì mẹ́wàá ránṣẹ́, kí ẹ sì bi í ìgbà tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ohun tó béèrè ni kí o dáhùn. Mo kọ ọ́ pé: "Káàárọ̀, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, wá. Mísà aago mẹ́jọ. Gba ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì. Ìyá kan tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ búlúù yóò dúró dè ọ́, ẹ ó jọ jókòó. Tí o bá fẹ́ borí, borí. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jáde lọ gba Ara Olúwa, jókòó sáyè rẹ, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ wí." Kíyè sí i: ẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Ẹ̀rù kí ojú má ti òun láàárín èrò ló ń bà á. Ìyá aláṣọ búlúù yẹn ṣe ju gbogbo ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, gbọ́ tirẹ̀. Clare Boothe Luce, òǹkọ̀wé eré àti aṣòfin Amẹ́ríkà, pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tó bí nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1944. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sheen, Sheen ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí obìnrin náà wá sọ tirẹ̀ fún wákàtí kan. Kò tíì parí ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ tí obìnrin náà fi já a lẹ́nu, tó bi í pé bí Ọlọ́run bá ṣe rere, kí ló dé tó fi mú ọmọ òun lọ. Sheen fèsì, ọ̀rọ̀ náà sì gùn láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọdún 1946 ló wọ Ìjọ. Kì í ṣe iwájú maiki ni wọ́n ti yanjú ìyẹn.

Ẹ sì máa ń dárúkọ Carlo Acutis, ọmọ Ítálì tó kú ní 2006 lọ́mọ ọdún 15, tí wọ́n kéde ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025. Ojú-ìwé tó ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa àwọn iṣẹ́ ìyanu Ara Olúwa ni ẹ fi ń dárúkọ rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Mauritius tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn, ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹnu Carlo fúnra rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ nínú ilé ló sọ ọ́ di oníìrìbọmi.

Tí àlejò bá ti ń wá déédéé, fà á lé kíláàsì lọ́wọ́, má sì kánjú. Àìsùn Àjíǹde ni a ń ṣe ìrìbọmi àwọn àgbà, tí ẹ̀kọ́ bá ti wọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹni tí ìjọ mìíràn ti fi omi rì bọmi lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, a kì í tún un ṣe. Tí ọmọ bá ṣì wà lábẹ́ òrùlé àwọn òbí rẹ̀, má kọ́ ọ ní irọ́ tàbí àfojúdi. Ní kí ó jẹ́ kí ẹ jọ gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnìkan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, rọra dá a dúró. Láti 2002 ni Róòmù ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí sákrámẹ́ńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Sọ ọjọ́ àti wákàtí tí Fádà ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ fún un, kí o sì pa ohun tó kọ rẹ́.

Ra ìwé kékeré kan. Má kọ iye àwọn tó wò ọ́ sí i. Orúkọ àwọn tó fèsì ni kí o kọ, ohun tí wọ́n béèrè, àti ẹni tí o fà wọ́n lé lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù, mú un lọ fún Fádà. Orúkọ tí kò bá sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ Ajé.