Django, PostgreSQL àti «too many clients already»: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè, láti Kétu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Django (ohun èlò Python fún kíkọ́ sáìtì) àti PostgreSQL (dátábéèsì) ni mo fi kọ́ sáìtì táwọn alágbàdo àti onígàrí wa fi ń wo iye ọjà. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí èrò wọlé, gbogbo rẹ̀ á kú, log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) á máa pariwo «FATAL: sorry, too many clients already», pé ìsopọ̀ sí dátábéèsì ti kún. Worker (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń dáhùn àwọn tó wọlé) 4 ni Gunicorn mi, tó ń gbé Django ṣiṣẹ́, ní, thread (okùn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà) 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. `ThreadPoolExecutor(max_workers=20)` (executor tó ń pín iṣẹ́ fún thread tó lè tó 20) ló ń fi SMS ránṣẹ́, tó ń kọ èsì rẹ̀ sí dátábéèsì. `CONN_MAX_AGE` mi (ìṣẹ́jú àáyá tí ìsopọ̀ kan lè lò) jẹ́ `None`, ìyẹn láìní gbèdéke. Ṣé kí n sọ `max_connections` (iye ìsopọ̀ tí PostgreSQL ń gbà) di 500 ni?

Ìdáhùn, láti Àjàṣẹ́: Má tíì fọwọ́ kàn án, àbúrò. Odindi process (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń jẹ mẹ́mọ́rì tiẹ̀) ni PostgreSQL ń yà sọ́tọ̀ fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. 500 lè jẹ mẹ́mọ́rì sáfà kékeré tán. Jẹ́ ká ṣírò tìẹ ná. Worker 4, thread 4: ìsopọ̀ 16. Executor wà nínú worker kọ̀ọ̀kan, 20 lọ́nà 4: 80. Ó di 96. Bí o kò bá yí i padà, 100 ni PostgreSQL ń gbà, ó sì ń fi 3 pamọ́ fún superuser (alábòójútó dátábéèsì). Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù fún ẹ. Ṣí shell (ibi tí o ti ń tẹ àṣẹ sí dátábéèsì) báyìí kí cron (iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lákòókò) tún wọlé, ó ti kún nìyẹn.

Ìdí tó fi ń jẹ́ ọjọ́ ọjà ni pé executor kì í dá thread tuntun àfi tíṣẹ́ bá dé tí ọwọ́ àwọn tó wà nílẹ̀ ò sì ṣófo. Tí wọ́n bá ti dé, wọn kì í lọ mọ́: bí oníbàárà tó jẹun tán tó ṣì jókòó sórí bẹ́ńṣì olóúnjẹ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe di ìsopọ̀ tiẹ̀ mú. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí request (ìbéèrè ojú ìwé tí ẹni tó wọ sáìtì fi ránṣẹ́) nìkan ni Django ń yẹ `CONN_MAX_AGE` wò, thread wọ̀nyí ò sì sí nínú request kankan. Ìwọ ni kó o ti ìsopọ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan:

```
from django.db import connection

def fi_sms(nomba):
    try:
        ...
    finally:
        connection.close()
```

Sọ 20 yẹn di 3. SMS ò kánjú tó bẹ́ẹ̀. Fi `CONN_MAX_AGE` sí 60, kó o sì tan `CONN_HEALTH_CHECKS` (tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìsopọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́) tó bá jẹ́ Django 4.1 sókè lo ń lò.

Ìbéèrè: Ó ti fúyẹ́, ẹ ṣeun. Àmọ́ nínú `pg_stat_activity` (àtẹ tó ń fi àwọn ìsopọ̀ hàn), mo ṣì ń rí «idle in transaction» tó ń pẹ́: ìsopọ̀ tó ṣí transaction (àkójọ iṣẹ́ dátábéèsì tó gbọ́dọ̀ parí pọ̀) sílẹ̀, tí kò sì ṣe nǹkan kan.

Ìdáhùn: Wo inú `transaction.atomic()` rẹ. Ó jọ pé ibẹ̀ lo ti ń dúró de èsì ilé-iṣẹ́ SMS, transaction á sì ṣí sílẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn. Gbé ìpè SMS náà jáde, fi `transaction.on_commit` pè é, kó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí transaction bá parí.