Bí a ṣe ń fi fóònù kó oníbàárà jọ: ìtọ́sọ́nà fún ìdílé tó ń ta gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti ẹyin

Nọ́ńbà ni ẹ ó kọ́kọ́ bójú tó, kì í ṣe àwòrán. Lórí WhatsApp, ẹni tí nọ́ńbà yín bá wà lórí fóònù rẹ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ náà sì wà lórí tiyín, nìkan ló lè rí status (àwòrán, fídíò tàbí ọ̀rọ̀ kúkúrú) tí ẹ bá gbé síta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ògiri lẹ̀ ń polówó fún. Ìdí rèé tí ènìyàn fi lè ní 400 nọ́ńbà lórí fóònù, kó jẹ́ pé 30 péré ló ń wo status rẹ̀, tí yóò sì máa rò pé ọjà òun ni kò wu ènìyàn.

Ẹnu ìsọ̀ la ti ń kó nọ́ńbà jọ, nígbà tí oníbàárà ṣì ń di ẹrù rẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ máa pè mí o." Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi séèfù nọ́ńbà yìí, ẹ kọ ọ́ ní Ìyá Gàrí. Ẹ fi 'gàrí' ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp báyìí kí èmi náà lè séèfù tiyín." Ọ̀rọ̀ "gàrí" yẹn ṣe pàtàkì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, nígbà tí ike gàrí bá ti ń ṣófo nílé oníbàárà, kò ní rántí orúkọ yín. Gàrí ni yóò tẹ̀ sórí fóònù láti fi wá yín. Ẹ lẹ ìwé pélébé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ mọ́ ìta ọ̀rá tí ẹ di gàrí sí. Èyí tí a bá fi báírò kọ sára ọ̀rá kì í pẹ́ pa rẹ́, pàápàá nílé ìdáná tí epo wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

WhatsApp Business

Èyí ni kí ẹ lò, kì í ṣe WhatsApp lásán. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2018 ló sì ti wà. Nọ́ńbà kan kò lè wà lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yín pamọ́ kí ẹ tó gbé nọ́ńbà kọjá sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní síìmù méjì lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹbí àti ìjọ, kó fi èkejì ṣòwò. Ìyẹn ló dára jù, torí àwòrán ìsìnkú àti àwòrán gàrí kì í bára wọn gbé.

Lẹ́yìn orúkọ, àdúgbò àti wákàtí iṣẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Fóònù yóò máa fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá ń kọ̀wé sí yín fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tí kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ọjọ́ o. Gàrí Ìjẹ̀bú, gàrí pupa àti ẹ̀lùbọ́ la ní. Ẹ sọ iye kílò tí ẹ fẹ́ àti àdúgbò yín. Aago 7 sí 8 àárọ̀ àti aago 7 sí 9 alẹ́ la máa ń fèsì." Ẹni tó wà lóko láti àárọ̀ kò lè máa tẹ fóònù ní gbogbo ìgbà, oníbàárà kò sì ní bínú bó bá ti mọ aago tí èsì yóò dé.

Ẹ kó ọjà sínú katalọ́ọ̀gì níbẹ̀, kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ẹ tún ṣe líǹkì tí ẹni tí kò tíì ní nọ́ńbà yín lè tẹ̀ láti bá yín sọ̀rọ̀: wa.me/234, kí nọ́ńbà yín tẹ̀lé e láìsí òdo àkọ́kọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, wa.me/23480 ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi òdo yẹn sílẹ̀ síbẹ̀, líǹkì náà kò ní ṣiṣẹ́.

Broadcast wà fún ìkéde: ọ̀rọ̀ kan yóò lọ bá ènìyàn tó tó 256 lórí àkójọ kan, kálukú yóò sì rí i bíi pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Àwọn tó bá ti séèfù yín nìkan ló ń rí i gbà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ní ti gúrúpù, ẹ má fa ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ láìbéèrè. Ẹni tí inú bí kò ní kàn jáde lásán, yóò fẹjọ́ yín sùn lọ́dọ̀ WhatsApp. Bí irú wọn bá pọ̀, wọ́n lè ti nọ́ńbà yín pa, gbogbo oníbàárà tí ẹ fi ọdún kó jọ yóò sì bá a lọ.

Àwòrán àti fídíò

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó ya ohunkóhun. Fóònù tó ń gbé inú àpò ìyá aládìn-ín kì í ṣàìní epo lójú, epo yẹn ló ń jẹ́ kí àwòrán dà bíi pé ó wà nínú kùrukùru. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ aago 7 sí 10 òwúrọ̀ tàbí 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ló dára, lábẹ́ òjìji tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń jẹ́ kí gàrí funfun dà bí iyọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ hóró rẹ̀ yàtọ̀. Orí aṣọ aró ni gàrí funfun ti ń yọ jù. Ẹ̀lùbọ́, nínú àwo tánganran funfun. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn wà nínú àwòrán, kí wọ́n lè mọ bí nǹkan ti tóbi tó.

Fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 ti tó. Ẹ gbé fóònù dúró lóòró, ẹ má gbé e ní ìbú. Bí ẹ bá ń ya ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí ẹ dúró sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín àti ooru yóò bo ojú kámẹ́rà. Ẹ ya ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, márùn-ún níbi tí omi ti ń kán lára àpò lábẹ́ jáàkì, márùn-ún lójú asẹ́, márùn-ún lójú agbada. Ẹ wá fi ti ìgbẹ̀yìn hàn dáadáa: kí ọwọ́ kan bu gàrí tó gbẹ táútáú, kó máa dà á padà sínú àwo díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa rédíò. Ìró yẹn, ṣààà, ló ń tajà. Ẹni tó mọ gàrí yóò ti gbọ́ bóyá ó gbẹ tàbí kò gbẹ kó tó wo àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń mú kí ènìyàn fèsì ni ohun tí wọ́n lè dá sí. Ẹ bu gàrí sí gíláàsì títí dé ìwọ̀n ìka méjì, ẹ da omi tútù sí i, kí ẹ sì béèrè pé, "Ibo ló máa wú dé?" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi èyí tó ti wú hàn. Gàrí tó dára máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Fún ẹlẹ́yin, ẹ ju ẹyin méjì sínú ọpọ́n omi, ọ̀kan ti òní, ọ̀kan tó ti pẹ́ nílẹ̀. Èyí tuntun yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ omi; èyí tó ti pẹ́ yóò dìde dúró tàbí kó léfòó, torí pé omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ gba ara èèpo, atẹ́gùn sì ti gba ipò rẹ̀. "Èwo lẹ ó rà?" Ẹ ó rí i pé àwọn tí kì í bá yín sọ̀rọ̀ yóò fèsì.

Status mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́ ti tó. Wákàtí 24 ni yóò fi wà níbẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, ìlà kéékèèké tó wà lókè yóò dà bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, ẹni tó bá rí i yóò ti mọ̀ pé kò lópin, yóò sì fò ó. Ẹ jẹ́ kí ọjà wà nínú ti àkọ́kọ́. Àdúrà dára, àmọ́ ẹni tó bá ti bá àdúrà mẹ́rin pàdé kì í dúró dé ibi tí gàrí wà. Alágbàdo tó ń kígbe "lángbé jiná o" kò jẹ́ kí a máa méfò: ó dárúkọ ọjà, ó sọ bó ti rí, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Iye owó àti ìwọ̀n

"Ẹ wá sí inbox fún iye owó" ń lé oníbàárà. Ohun tó ń wá sọ́kàn ẹni tó bá kà á ni pé ẹ fẹ́ wo ojú òun kí ẹ tó bù ú lé. Ẹ kọ iye owó, ẹ sì kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí àwòrán oṣù tó kọjá ṣì lè máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí ẹnì kan wá fi bá yín jà.

Kóńgò kan kò tó kóńgò kejì. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú. Ní ọjà, oníbàárà lè wo òkìtì orí rẹ̀, kó ní kí ẹ fi díẹ̀ kún un. Lórí fóònù kò rí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ wọn kóńgò yín lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ kọ kílò rẹ̀ sí ìdí àwòrán. Ẹ kọ owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Èènì ṣì wà: ẹ di í sínú ọ̀rá kékeré tirẹ̀, kí ó hàn pé èènì ni. Bí oníbàárà bá fi àwòrán ẹ̀bà tàbí àmàlà rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e síta, ẹ sì bo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ̀lùbọ́ yín ń wo àrùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. NAFDAC kò gbà kí a polówó oúnjẹ bí oògùn. Oúnjẹ tí ẹ bá sì ń dì sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín láti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC tirẹ̀. Ẹ má ṣe yá ti ẹlòmíràn.

Facebook, àti nígbà tí ẹnì kan bá fẹjọ́ yín sùn ní gbangba

Ojú ewé ti ara ẹni kò lè gbà ju ọ̀rẹ́ 5,000 lọ. Ojú ewé òwò kò ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú àwọn gúrúpù ìlú àti àdúgbò ni ẹ ó ti rí ẹni tó sún mọ́ yín. Ẹ ka òfin wọn, ẹ gba àyè lọ́dọ̀ alábòójútó. Bí ẹnì kan bá kọ kọ́mẹ́ǹtì, ẹ dá a lóhùn níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè kún un: "Ẹ ṣeun sà. Ṣé èyí tó kan tàbí èyí tí kò kan lẹ fẹ́ràn?" Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń dá sí ni Facebook máa ń gbé lọ fún ẹlòmíràn rí.

Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun bá yanrìn nínú gàrí yín, ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Àwọn tó ti rí i yóò gbà pé òótọ́ ni, wọn yóò sì tún kà yín sí ẹlẹ́tàn. Ẹ fèsì ní gbangba: "Ẹ má bínú, sà. Inú gàrí tí a dín ní ọjọ́ Ẹtì ni. A ó gbà á padà, a ó gbé òmíràn wá, ẹ kò ní san owó ọkọ̀. À ń pè yín báyìí." Ẹ wá pè é lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí yanrìn gbà wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gẹ́ tí wọn kò fọ̀ dáadáa kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ ni.

Àwọn kan wà tí ń ta "followers", ìyẹn orúkọ àwọn tí yóò máa tẹ̀lé yín, ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ má rà á. Àwọn wọ̀nyẹn kò jẹ gàrí. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé yín ni Facebook àti Instagram kọ́kọ́ máa ń fi ọjà yín hàn. Bí àwọn yẹn kò bá dá sí i, kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, títí kan àwọn oníbàárà gidi. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó ìpolówó, ẹ yan ìlú àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ yín lè dé. Ìpolówó ẹyin tó ń lọ bá ará Kánò láti Ọ̀yọ́, owó ló jẹ.

Olè

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ì báà jẹ́ ohùn ọmọ ìyá yín, WhatsApp yín ló fẹ́ gbà. Yóò wá máa fi orúkọ yín gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ lọ sí ètò WhatsApp, ẹ tan ìdánimọ̀ onígbésẹ̀ méjì (two-step verification), kí ẹ fi PIN ẹlẹ́yọ mẹ́fà sí i. Ní ti owó, ẹ má wo àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí àwòrán rìsíìtì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì ṣeé ṣe ní ayédèrú. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kí ẹ rí i pé owó ti kún ti tẹ́lẹ̀, kí ọlọ́kadà tó gbé ẹrù.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́ta: àwọn tó wò, àwọn tó béèrè, àwọn tó rà. Ẹ máa kọ ọ́ lálaalẹ́. Ẹ rántí pé ẹni tó bá ti pa àmì tó ń fi hàn pé òun ti ka ọ̀rọ̀ (read receipts) kò ní hàn nínú àwọn tó wò. Bí àwọn tó wò bá kéré, ẹ padà sídìí nọ́ńbà. Bí 80 bá wò tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, àwòrán tàbí iye owó ni. Bí mẹ́wàá bá béèrè tí ẹyọ kan rà, ẹ wo bí èsì yín ṣe pẹ́ tó, lẹ́yìn náà ẹ wo owó ọkọ̀: gàrí kílò méjì kò lè ru owó ọlọ́kadà. Ẹ kó oníbàárà mẹ́rin tàbí márùn-ún àdúgbò kan pọ̀ sí ọjọ́ kan, kí wọ́n jọ pín owó náà.