Ẹ̀yin tó ń lọ sí Adágún Como, ẹ gbọ́ o

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń múra àtilọ lo ìsinmi létí Adágún Como ní Ítálì. Ẹ má wulẹ̀ háyà mọ́tò. Títì ibẹ̀ há gádígádí, ibi tí èèyàn máa páàkì sí sì wọ́n bí ojú. Láti Milano Centrale, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà nílùú Milan, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Tirano, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Varenna, ìlú kékeré kan létí adágún náà. Nǹkan bíi wákàtí kan péré ni. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí, ibẹ̀ lẹ ó ti máa wo omi.

Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kó lu òǹtẹ̀ sí i kí ẹ tó wọkọ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń nàka sí ọjọ́ tí mo rà á, ọ̀gá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kàn ń mirí ni. Mo sanwó ìtanràn!

Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín láti Varenna dé Bellagio, ìlú mìíràn létí adágún náà, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ alẹ́ o.

Àpótí ńlá ńkọ́? Ẹ fi sílé. Àtẹ̀gùn olókùúta ló kún Bellagio. Orí ìkẹta ni táyà àpótí ìyàwó mi ti yọ, èmi ni mo sì fi èjìká gbé e dé òkè.