Mo gba máàkì gíga nínú ìdánwò aṣáájú, síbẹ̀ iṣẹ́ ò yí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iléèwé aládàáni kékeré ni mò ń darí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mo ní kí àwọn tíṣà fi rẹ́jísítà ìwé sílẹ̀, kí wọ́n máa fi fóònù sàmì sí orúkọ ọmọ tó bá wá. Títí di òní, inú ìwé ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sí. Mo wá lọ ṣe ìdánwò aṣáájú mẹ́ta tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n lè mọ ibi tí mo ti kùnà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní aṣáájú gidi ni mí. Kí ló wá dé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Inú mi dùn pé ara yín lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀gá mìíràn ì bá ti lé tíṣà kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ohun tí ìdánwò náà bi yín: "Mo máa ń fetí sí àwọn tí mò ń darí," kí ẹ mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 5. Ta ni yóò fún ara rẹ̀ ní 2? Èrò tí ẹ ní nípa ara yín lẹ kó fún un, òun náà ló tò dáadáa, tó dá padà fún yín. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ní 1999, David Dunning àti Justin Kruger ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò gírámà àti ti ìrònú, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n rò pé àwọn wà láàárín ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí máàkì wọn ga ju ti nǹkan bí èèyàn 12 péré lọ nínú 100, rò pé tàwọn ga ju ti nǹkan bí 62 lọ.

Ẹ má tìtorí ìyẹn ju ìdánwò náà nù. Ẹ da àwọn ìbéèrè rẹ̀ kọ, ẹ sọ "mo" di "ọ̀gá wa", kí àwọn tíṣà dáhùn láìkọ orúkọ. Kí wọ́n kàn fa òbìrí yí nọ́ńbà ká, torí ẹ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Níbi tí àlàfo bá ti tó 2, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣe é rí. Níbi "ó máa ń sọ ìdí tí nǹkan fi ń yí padà," mo fún ara mi ní 5, àwọn èèyàn mi fún mi ní 2. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi dùn mí, òun ló sì tún iṣẹ́ mi ṣe.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló fún mi ní 5, látòkè délẹ̀.

Ìdáhùn: Ìkíni nìyẹn, mà, kì í ṣe máàkì. Nílẹ̀ wa, ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gá òun kì í gbọ́rọ̀ síni lẹ́nu? Púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ wọ́n, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi orúkọ pe ọ̀gá. Ẹ má bi wọ́n nípa ìwà yín mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ bi wọ́n: "Nínú ìpàdé mẹ́ta tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀gá yí ìpinnu padà nítorí ọ̀rọ̀ tí tíṣà kan sọ?" Tàbí kẹ̀, ẹ to nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tó mú ọ̀kan kò rí yín fín. Kí ẹni tí kò sí lábẹ́ yín gba ìwé náà jọ, kó sì ṣírò rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí èyí tó ń yẹ àyípadà náà fúnra rẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ó wà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. ADKAR ni wọ́n ń pè é. Jeff Hiatt, tó dá ilé-iṣẹ́ Prosci sílẹ̀, ló gbé e kalẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí àyípadà kàn, ní títẹ̀léra: ṣé ó mọ ìdí tí a fi ń yí padà? Ṣé ó fẹ́ ẹ? Ṣé ó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é? Ṣé ó lè ṣe é lójú iṣẹ́? Ṣé nǹkan kan wà tí kò ní jẹ́ kó padà sẹ́yìn? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1 sí 5. Èyí àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ 3 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí, ibẹ̀ nìkan sì ni kí ẹ kọjú sí. Bí ẹ bá lọ ń tún ìkẹta ṣe nígbà tó jẹ́ ìkejì ló kùnà, owó yín lẹ ń dà sómi.

Ohun tí mo máa ń rí ni pé, tí iṣẹ́ ò bá yí, ọ̀gá á tún pe àwọn èèyàn rẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìkẹta nìyẹn. Tíṣà tó ń fi WhatsApp tajà ní ọ̀sán mọ fóònù lò dáadáa. Ẹ bi í léèrè ta ló ń ra dátà. Ẹ bi í ibi tó ti ń gba iná sí fóònù láàárọ̀ tí kò síná. Bó bá jẹ́ àpò rẹ̀ ni owó dátà ti ń jáde, ìkejì ló há sí, àlàyé kankan ò sì lè tú u.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú ìdánwò tí mo ṣe ṣàpèjúwe mi bí ẹni pé ó ń gbé nílé mi. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín fi tirẹ̀ hàn yín. Bí tirẹ̀ náà bá bá yín mu, kò sọ nǹkan kan nípa yín. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1949, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní àpèjúwe ìwà kan náà, ó jẹ́ kí kálukú rò pé tòun nìkan ni. Nígbà tó ní kí wọ́n fi máàkì sọ bó ṣe bá wọn mu tó, ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 4.26 nínú 5.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣeé gbára lé díẹ̀, ẹ wá IPIP-NEO, ìdánwò ìwà ẹni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọ̀fẹ́ ni, ti ìbéèrè 120 wà, ti 300 náà wà. Ní ìwà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sọ ibi tí ẹ wà láti orí díẹ̀ dé orí púpọ̀, kò ní fún yín ní lẹ́tà mẹ́rin (bí INTJ) tí àwọn ìdánwò kan fi ń pe irú èèyàn tí ẹ jẹ́, tó sì lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀kan gba káàdì báńkì lọ́wọ́ mi kó tó fún mi ní èsì.

Ìdáhùn: Ẹ pa á dé. Ẹ má sì tẹ orúkọ tíṣà kankan síbẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn láti 2023.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n tún ADKAR náà ṣe?

Ìdáhùn: Ìparí sáà, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ẹ tọ́jú ìwé ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti ń san owó dátà, tí ìkejì ti di 4, tí rẹ́jísítà ìwé ṣì wà lórí tábìlì, ẹ lọ wo ìkarùn-ún. Ẹ wádìí ẹni tó ṣì ń béèrè fún rẹ́jísítà náà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó lè jẹ́ akọ̀wé yín.