Ẹ Má Kàn Tẹ Àpò Omi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Níbi Iṣẹ́ Abẹ Òkúta Kíndìnrín

Ẹni tó bá ti dé ilé gàrí ní Ìjẹ̀bú rí mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́. Wọ́n á rọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa yọ lára àpò díẹ̀díẹ̀. Bí ojú àpò bá dí, tí ẹni tó ń fún un ò sì dáwọ́ dúró, àpò á bẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíndìnrín tí à ń fọ́ òkúta inú rẹ̀. Ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde ni dókítà máa ń ti awò tẹ́ẹ́rẹ́ gbà títí dé inú kíndìnrín, á sì fi lésà fọ́ òkúta. Omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ máa ti inú àpò tí a gbé kọ́ wọlé kó tó lè ríran. Ìfúnpá inú kíndìnrín kì í sábà kọjá nǹkan bí 10 sí 15 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá). Tó bá ti gòkè dé bí 30 sí 40, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fipá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tòun ti kòkòrò tó bá wà nínú ìtọ̀ tàbí nínú òkúta náà.

Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ tó ń dún lẹ́bàá orí aláìsàn á kìlọ̀ fún wọn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nìyẹn ń kà. Ó lè máa fi 120/80 hàn kí kíndìnrín máa wú lábẹ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ká máa fọwọ́ tẹ àpò omi. Èmi náà ti ṣe é rí, nílé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀ pupa bí epo. Ọ̀gá ní, “Sísítà, ẹ bá mi tẹ àpò yẹn!” Mo fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀nà mọ́ kedere, inú wa dùn. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́jọ alẹ́, aláìsàn náà ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi sáré lórí rẹ̀ kó tó gbádùn. N ò lè búra pé ọwọ́ mi ló fà á, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, màá kọ́kọ́ bi wọ́n pé, “Ọ̀gá, ṣé omi ń jáde?”

Torí jíjáde omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àpò tí a gbé kọ́ ní mítà kan sókè ju kíndìnrín lọ lè gbé ìfúnpá dé nǹkan bí 74 mmHg bí omi ò bá rí ọ̀nà jáde, láìtíì fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tí dókítà ṣì ti lè ríran. Bí awò bá ń gba inú rọ́bà tí a kọ́kọ́ tì sójú ọ̀nà ìtọ̀ kọjá, kó má fún mọ́ ọn: kó má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú inú rọ́bà náà lọ. Kí ẹnì kan sì máa wo ẹnu rọ́bà. Bí omi ò bá kán níbẹ̀ mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Níbi tí kò bá sí rọ́bà, ẹ fi kátítà (rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde) sí àpò ìtọ̀ kó má baà kún.

Ẹ má sì fi ìgbéraga bá òkúta ńlá jà. Bí iṣẹ́ bá ti ń kọjá wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀, kí aláìsàn padà wá.

Ẹ̀yin aláìsàn náà, ẹ má fi ibà pamọ́ torí pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ẹ má sì gbé oògùn kẹ́mísì mì kí ẹ tó gbé ìtọ̀ lọ sí lábù, torí ó lè fi kòkòrò pamọ́ fún wọn. Bí ìtọ̀ bá ti há, tí ara sì ń gbóná, wọ́n á kọ́kọ́ fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde, wọ́n á wo àrùn náà sàn. Òkúta á dúró.

Ní Ṣágámù níbí, bí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bá délé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, “ibà ni” làwọn ará ilé máa ń sọ, wọ́n á ránmọ lọ ra oògùn ibà. Ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.