Kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ fún ẹni gíga: ibi tí owó wa ń bá lọ

Mítà 1.98 ni mo ga. Ní Kétu, níbi tí wọ́n bí mi sí, agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń kì mí. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí mo ń gbé báyìí, onísẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, a kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi kó tó dá iye lé e. Kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, àwọn onírin tí ọwọ́ wọn tẹ̀ bí ìwo àgbò: Peugeot, Gitane, Motobécane, tó máa ń bá ẹrù tòkunbọ̀ gúnlẹ̀ sí Kùtọnu.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ máa wo àga, kí ẹ má wo cadre, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò fa ọ̀pá àga sókè gàgàrà, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gùn ún wò, àfi bíi pé ẹ̀yin ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe é." Irọ́ ni! Bí wọ́n ṣe ta cadre sẹ̀ǹtímítà 56 fún mi nìyẹn. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ réré, ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tó fi ọkọ́ elérùkù kúkúrú kọ ebè láti àárọ̀. Àmì kan wà tí wọ́n máa ń fín sára ọ̀pá àga. Bí ẹ bá ti rí i lókè, ọ̀pá ti jáde jù. Èmi rí i, mo dijú. Lọ́nà Pọ̀bẹ̀ ni ọ̀pá ti ṣẹ́, mo fi ìdí jókòó sórí ọ̀dà.

Ọrùn kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wò, níwájú lábẹ́ ọwọ́. Lára kẹ̀kẹ́ kékeré, irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra níbẹ̀. Lára ti àwa gíga, àtẹ́lẹwọ́ yín yóò wọ àárín wọn, àyè yóò ṣì ṣẹ́kù.

Ẹ má lọ láìmú téèpù télọ̀ dání. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ki ìwé sáàárín itan títí yóò fi kan òkè, kí ẹ wọn ún dé ilẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.67. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 97, ó fún mi ní bíi 65. Láti àárín ihò tí irin pẹ́dà gbà kọjá ni ẹ ó ti wọn cadre. Àwọn kan ń wọn ún dé àárín irin òkè, àwọn kan dé ẹnu ihò àga, nítorí náà ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n bá pè gbọ́.

Ẹ mi ọ̀pá àga kí ẹ tó sanwó: ọ̀pá alumíníọ̀mù a máa gan mọ́ cadre onírin, ìyà ni láti yọ ọ́.

Táyà ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ 27 sí lára àti èyí tí wọ́n kọ 700 sí jọra lójú, ṣùgbọ́n ríìmù 27 fi mílímítà 8 ju èkejì lọ. Ẹ ka ara táyà.

Ti atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló tún kù. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́, òsì ni wọ́n ń yí ife ìdí pẹ́dà (irin bí ife tó gba irin pẹ́dà dúró) ti apá ṣéènì sí kó tó tú. Lára ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ni. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òòlù ló máa mú.

64 ni èyí tí mo ń gùn báyìí. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, táyà kan ló bá wá. Ọmọ àbúrò mi gun orí rẹ̀ lánàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan pẹ́dà.