Bí A Ṣe Ń Lo "Pupa" àti "Pọ́n"

Ẹni tó bá fẹ́ lo "pupa" bó ti tọ́ ní láti kọ́kọ́ wo ohun tó ń júwe, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò ju àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Pupa ni epo, pupa ni osùn, pupa náà sì ni inú ẹyin; gàrí tí wọ́n bu epo sí kí wọ́n tó yan án, gàrí pupa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gàrí yẹ́lò ni ọ̀pọ̀ ń pè é lọ́jà báyìí. Ènìyàn pupa ni ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni dúdú lọ, nítorí náà kí ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ṣọ́ra, kó má baà sọ ọ́ di ẹni tó kun osùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí ẹ fi í sí: aṣọ pupa, ata pupa. Ẹ sì lè sọ pé "ọmọ náà pupa". Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tó ń yí padà ni, "pọ́n" ló yẹ. A kì í sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pupa. Ó ti pọ́n ni. Ẹ má sì ṣe da pípọ́n pọ̀ mọ́ gbígbó: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbó tí kò tíì pọ́n la fi ń ṣe èlùbọ́, èyí tó ti pọ́n la fi ń dín dòdò. Ti àgbàdo yàtọ̀, gbígbó nìkan ni tirẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ojú. "Ojú rẹ̀ pọ́n" lè jẹ́ ti ìbínú, àìsùn tàbí àìsàn, ṣùgbọ́n "ojú ń pọ́n ọn" túmọ̀ sí pé ìyà ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ la sì ti rí ìpọ́njú. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ṣe ìyà lásán o: àrùn tó ń sọ ojú àti ìtọ̀ di àwọ̀ ìyeyè ni, òun náà ni wọ́n ń béèrè ẹ̀rí àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, tí a sì ń pe ìwé ẹ̀rí náà ní yẹ́lò káàdì.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi àmì ohùn òkè sórí "pọ́n", nítorí "pọn" tí kò ní àmì ni ti omi pípọn, "pọ̀n" tó ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ti ọmọ pípọ̀n. Tí àwọ̀ náà bá mú ojú, ẹ fi "fòò" kún un: aṣọ pupa fòò. "Pupa rúsúrúsú" ni ti èyí tí kò pọ́n tán.